Ẹ̀rín Ara Agolo

2.

…àti pé ihò mẹ́sàn-án ló wà lórí ìdérí agolo yẹn, kì í ṣe mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ kẹwàá ẹ̀rọ tó ń dá ihò ló kán lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ewé tí gbogbo ayé ń yìn yẹn ńkọ́? Yíǹkì tó ṣẹ́ kù lára agolo oògùn ẹ̀fọn ni. Ó rí bí ẹyin nítorí pé irú agolo bẹ́ẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ wa mọ̀ ọ́n ká.

Déédéé ló ń sọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láyé ọjọ́un, òun ló ń to pílétì, irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe agolo Àtíkè Ẹlẹ́rìn-ín: àwọ̀ kan, pílétì kan, kí ọ̀kan má sì ṣe yà kúrò lórí èkejì. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ ni alákòóso Ilé Àkójọ Ohun Àtijọ́. Wọ́n fẹ́ gbé agolo náà sínú gíláàsì kí aráyé wá wò ó.

"Bàbá, ẹ mà mọ̀tàn o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rín ọmọbìnrin ara agolo yẹn wá ńkọ́? Ta ló fi sí i lẹ́nu?"

Déédéé tó ti ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò ṣàdédé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

3.

Ìwé wọn dé lọ́jọ́ kẹta.

ILÉ ÀKÓJỌ OHUN ÀTIJỌ́

*Bàbá wa,*

*Ayàwòrán tó ya ọmọbìnrin ara agolo ti fún wa ní àwòrán tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ yà. Lára rẹ̀, ẹnu ọmọbìnrin náà pa dé. Lára agolo, ó ń rẹ́rìn-ín. A tún rí i pé òdòdó pupa inú irun rẹ̀ ti kúrò lórí igi rẹ̀ díẹ̀, pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà sì ti gòkè. Ó jọ pé gbogbo ohun tó pupa ló sún lẹ́ẹ̀kan náà.*

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdáhùn yín sórí ìlà ìsàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ gan-an la máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo náà. Òṣìṣẹ́ wa á wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀.*

TA LÓ FI Ẹ̀RÍN SÍ I LẸ́NU, KÍ LÓ SÌ FÀ Á?

\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_

4.

Ibi tí Déédéé ti rí ẹ̀rín yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo:

— àyà ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin tó ń ta káàdì fóònù

— kọ́ọ̀bù tíì dókítà eyín

— kéèsì fóònù ọmọ bíbí inú rẹ̀

— ògiri ṣọ́ọ̀bù agẹrun, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ

— orí tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe ojú, níbi tó ti wà láti ọdún mọ́kànlélógójì

Níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ayàwòrán yẹn mà mọṣẹ́ o!" Ayàwòrán ṣáá. Ta ló ń dárúkọ ẹni tó to pílétì? Ẹ ò gbọ́ ọ rí, èmi náà ò gbọ́ ọ rí.

Owú ń jẹ Déédéé. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ò jowú ẹnikẹ́ni o. Déédéé ló ń jowú.

5.

Rárá. Kò tíì yá láti sọ ohun tó fà á. Ẹ má fi ojú bẹ́ẹ̀ wò mí.

6.

(Ìwé mẹ́ta nínú àpò ófáróòlù àtijọ́ kan.)

KÚẸ́RÌ

*Sí Déédéé, Ẹ̀ka Ìtẹ̀.*

*Pílétì pupa sún láàárọ̀ àná. Ojú ọmọbìnrin ara agolo ti wọ́. Ọjà ti jáde lọ kí a tó mọ̀. Ìwọ tí wọ́n sọ ní Déédéé nítorí pé pílétì ò yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ rí, kí ló dé?*

*Máníjà*

(Èsì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ̀wé tó tò bí èyí tí wọ́n fi rúlà kọ: *Ẹ̀rọ ló mì, sà.*)

ÌKÉDE

*Àwọn oníbàárà ń béèrè "ẹlẹ́rìn-ín yẹn." Wọn ò gba èyí tó panu dé mọ́. Láti òní lọ, Àtíkè Òwúrọ̀ ti di Àtíkè Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá pílétì pupa padà sáàyè rẹ̀.*

Ìwé kẹta jẹ́ ojú ewé ìwé ìròyìn tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Ayàwòrán gbé ife ẹ̀yẹ dání, eyín rẹ̀ hàn síta. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *"Ẹ̀rín yẹn? Inú ọkàn mi ló ti wá."*

Inú ọkàn ta?

7.

Ta wá ni ọmọbìnrin ara agolo? Ìyàwó Déédéé ni.

Nígbà yẹn kò tíì di ìyàwó. Ìdí tábìlì ìdérí ló ń jókòó sí, ó ń fi ìdérí dé agolo, Déédéé sì ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Lọ́jọ́ kan ayàwòrán sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa yà. Ọ̀sán mẹ́fà lọmọbìnrin náà fi jókòó fún un lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀sán mẹ́fà gbáko! Déédéé ò fọwọ́ kan oúnjẹ kántíìnì.

Lọ́jọ́ kẹfà, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gòkè lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó rí àwòrán náà kó tó rí àwọn méjèèjì. Ẹnu pa dé jẹ́jẹ́. Ojú ń dán, omi lé ròrò síbẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀, kò fi wo Déédéé rí, kódà lọ́jọ́ tó ní òun gbà láti fẹ́ ẹ.

Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀.

8.

OHÙN TÍ AYÀWÒRÁN FI RÁNṢẸ́ SÍ FÓÒNÙ DÉÉDÉÉ:

"Déédéé! Ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ojú mi ti ń ṣú, mi ò rí lẹ́tà kéékèèké tẹ̀ mọ́, ni mo ṣe ní kí n kúkú sọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ará ilé àkójọ wá bá mi. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní èmi kọ́ ni mo fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún oníròyìn ọjọ́ yẹn, ọmọdé ló ń ṣe mí, ife ẹ̀yẹ ń pa mí bí ọtí. Mo ní kí wọ́n lọ bi ọ́. Ohun yòówù tí o bá kọ, mo ti fara mọ́ ọn. Ó dàárọ̀. Bá mi kí ìyàwó o."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Déédéé gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá kí ọkùnrin yẹn gbà pé òun kọ́. Ó wá gbà báyìí, ó tún gbà á tìwà-tìwà, bí èèyàn dáadáa! Kí lèèyàn á tún fi bá a jà? Kódà ìwà rere, ó tún ṣáájú Déédéé débẹ̀.

Àti pé èwo ni ti "bá mi kí ìyàwó" níbẹ̀?

9.

Ohun tó kọ sórí bébà lásán kó tó fọwọ́ kan ìwé wọn:

~~Èmi ni. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni.~~

~~Ẹ̀rọ ló mì.~~

~~Mo wò ó pé ó máa dùn ún wò bí a bá~~

~~Èmi ni, ṣùgbọ́n~~

~~Ẹ̀rọ.~~

Ẹ gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Bó bá kọ pé ẹ̀rọ ló mì, orúkọ ayàwòrán nìkan ló máa wà nínú gíláàsì yẹn títí ayé. Bó bá sì kọ pé òun ni, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fà á. Ìyàwó rẹ̀ á kà á. Àwọn ọmọ á kà á. Aráyé á tò lẹ́yìn ara wọn láti kà á.

10.

ÌGBÀSÍLẸ̀ OHÙN. Ọjọ́rú, ọ̀sán. Pálọ̀ wọn. (Déédéé ní òun ń to àwọn ìwé kan nínú yàrá.)

ALÁKÒÓSO: Màmá, kí lẹ ń rò nígbà tí wọ́n ń yà yín?

ÌYÀWÓ: *(ó rẹ́rìn-ín)* Eyín.

ALÁKÒÓSO: Ẹ ní kí ni, mà?

ÌYÀWÓ: Eyín ń dùn mí! Eyín ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló dìde. Bí mo bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ á kó sí i, màá fò sókè. Mo bá panu dé. Ẹkún ló wà lójú mi tẹ́ ẹ rí yẹn.

ALÁKÒÓSO: Ẹ gbà mí! Àwa ní ọ́fíìsì rò pé ojú ìfẹ́ ni.

ÌYÀWÓ: Ìfẹ́ wo? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú tó báyìí! Ayàwòrán ló bá mi yọ wíwú rẹ̀ kúrò nínú àwòrán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń po omi iyọ̀ fún mi kí n fi fọ ẹnu.

*(Nǹkan kan já bọ́ nínú yàrá.)*

ALÁKÒÓSO: Ẹ ò sọ fún Bàbá?

ÌYÀWÓ: Kí n sọ fún ọkùnrin tó ń fẹ́ mi sọ́nà pé eyín mi ti jẹrà? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

ALÁKÒÓSO: Pílétì pupa wá ńkọ́, mà? Wọ́n ní ẹ̀rọ ló mì.

ÌYÀWÓ: Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ẹ wo fọ́tò ara ògiri yẹn. Rúlà ló fi wọ̀n ọ́n kó tó kan ìṣó. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ mì mọ́ ẹni yẹn lọ́wọ́?

ALÁKÒÓSO: Ṣé ẹ ti bi í?

ÌYÀWÓ: Mi ò bi í rí.

11.

Eyín.

Eyín lásán-làsàn.

(Omi iyọ̀ ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ òun ló ń po omi iyọ̀ fún un?)

5.

Ó yá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọ̀sán kẹfà yẹn, nígbà tí àwòrán náà ti di pílétì, Déédéé dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó mú sípánà. Ó tú nọ́ọ̀tì tó di pílétì pupa mú, ó sún pílétì náà sókè, sápá ọ̀tún, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ó dì í padà. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Mo fẹ́ kí ojú yẹn wọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ayàwòrán ṣe yẹ̀yẹ́, kí máníjà lé e lọ, kí n má tún rí i lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn mọ́. Páànù àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e síbi iná kí n wo ìbàjẹ́ tí mo ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Pupa ẹnu rẹ̀ ti yọ kúrò lábẹ́ ìlà dúdú, ó gòkè lápá kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì gbé sókè tẹ̀ lé e. Ó dára. Ó dára ju bí ọkùnrin yẹn ṣe yà á lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láyé yìí, ẹnu mi ò sì gbà á láti pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

12.

Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀. Déédéé fi bírò kọ ìlà kan ṣoṣo sórí ìwé náà. Kò fagi lé e. Fèrèsé ṣí, ló bá gbé agolo àtíkè ìyàwó rẹ̀ lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé àkójọ ti dé.

ÌYÀWÓ: Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ wá kọ síbẹ̀?

DÉÉDÉÉ: Wá kà á fúnra rẹ.

ÌYÀWÓ: Ẹ kà á sí mi létí. Mi ò rí awò ojú mi.

DÉÉDÉÉ: Kò ṣeé kà sókè.

Ìyàwó sún mọ́ ọn. Ó gbé agolo náà kúrò, ó mú ìwé náà dání, ó na ọwọ́ jáde títí, kò rí nǹkan kan kà. Ó wá awò náà lórí tábìlì. Ó wá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ wò, kò sí níbẹ̀.

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.

Àpò ṣòkòtò Déédéé ni awò náà wà. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.