Tépù Ọrùn Télọ̀

“Màmá, ẹ wá wo ọkọ mi! Ara wọn ti yá!”

Ìyàwó télọ̀ kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò ni ìbànújẹ́ tí kò nídìí ti dá a dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ tí Màmá, onímọ̀ ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn ní ọsibítù, ń fẹ̀yìntì gan-an nìyẹn. Màmá Ẹ-Jókòó ni gbogbo ọsibítù ń pè é, nítorí kì í fúnni lóògùn. Àga àti etí ni irinṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn tó ti fi irinṣẹ́ yìí fà yọ nínú ọ̀gbun kò lóǹkà.

“Ẹ jókòó,” ó ní, ṣùgbọ́n kò bá wọn yọ̀. Ọrùn télọ̀ ló ń wò. Nígbà tí àìsàn náà le jù pàápàá, tépù kì í kúrò níbẹ̀.

“Tépù yín dà?”

“Mo ti fún àbúrò mi, mà. Òun àti àlùmọ́gàjí àti màṣíìnì.”

“Wọ́n tún ti di ọ̀làwọ́!” ìyàwó rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Màmá mọ irú ẹ̀rín tí télọ̀ ń rín yìí dáadáa, ó sì mọ ohun tí ẹni tó bá ń pín irinṣẹ́ rẹ̀ lè ní lọ́kàn. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọkùnrin náà.

“Ṣé ẹ ń gbèrò láti pa ara yín?”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́!” Ìyàwó fò dìde. “Màmá, ẹ má fi ẹnu yín pè é!”

“Bíbéèrè kọ́ ló ń fà á, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.”

Ẹ̀rín kúrò lójú télọ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìgbà tí mo pinnu ni ọkàn mi tó balẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Màmá di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ẹ ò ní sùn sílé lónìí. Ọ̀dọ̀ wa lẹ ó wà, a ó máa ṣọ́ yín.” Ó tẹ dókítà láago.

Nọ́ọ̀sì yọjú. “Màmá, gbogbo èèyàn ti pé síbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì yín o! Ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Ẹ bá mi gé kéèkì náà. Ẹ fi tiwa sílẹ̀.”

Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí dókítà. Ó pẹ́ kí télọ̀ tó gbójú sókè, ó sì tẹjú mọ́ aṣọ tuntun tí Màmá wọ̀.

“Ta ló rán èyí fún yín? Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ.”

“Mo mọ̀. Mo ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe.”

Télọ̀ mirí. “Ẹ má gbé e fún ẹlòmíì, mà. Ẹ jẹ́ kí n jáde níbí ná.”

Màmá na apá òsì sí i. Kò sí tépù, ìka ni télọ̀ fi wọ̀n ọ́n.