Èjí Ìdíátù

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí eyín yín pé àti ẹ̀yin tí ó kù díẹ̀ fún. Ìtàn Ìdíátù ará Ìkòtún ni mo fẹ́ sọ, ìyàwó Jàfárù bíríkìlà, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìsọmọlórúkọ kankan ò dùn mọ́ tí kò bá sí mínírà inú ìgò.

Ìdíátù ní èjí. Bó bá rẹ́rìn-ín, ilé á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín yìí náà ló fi ń ṣí ìdérí ìgò fún àlejò, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Níjọ́ kan níbi ìsọmọlórúkọ ní Ṣáṣá, ìgò kan fárígá. Eyín tó wà lápá ọ̀tún èjí ró kàn. Nígbà tó yá, ó dúdú, ìdí rẹ̀ wú, ìrora ò sì jẹ́ kó sùn mọ́.

Kí wọ́n yọ ọ́ kẹ̀? Bí ọ̀kan bá kúrò nínú méjì, èjí di ihò nìyẹn. Ìdíátù á máa gbálẹ̀, á máa kọrin:

Èjí mi, má fi mí sílẹ̀ o,
Ìwọ ni ilẹ̀kùn ẹ̀rín mi;
Bí o bá lọ, ẹ̀rín á dúró síta,
Á máa kan ilẹ̀kùn tí ò sí.

Jàfárù gbọ́ pé dókítà kan wà nígboro Èkó tó ń tọ́jú gbòǹgbò eyín láìyọ eyín. Mọ̀dínátù, ẹ̀gbọ́n Jàfárù lóbìnrin, ní irọ́ ni. Ó ní ṣe ni wọ́n á hú gbòǹgbò náà, igi wo ló sì ń dúró láìní gbòǹgbò? Ó ní okùn eyín òkè ló so ojú ró, ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kan tiẹ̀ á fọ́jú. Ó tún ní ìrora rẹ̀ ju ti ìkúnlẹ̀ lọ. Ẹni tí kò fojú kan àga dókítà eyín rí ló ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Ẹ̀rù ba Ìdíátù, ṣùgbọ́n ìfẹ́ èjí ju ẹ̀rù lọ. Ó lọ.

Dókítà Cecilia, ọmọ Èkìtì, ṣàlàyé fún un pé ẹran rírọ̀ kan wà nínú eyín, tó gba inú gbòǹgbò kọjá bí omi inú páìpù. Ìgò ló pa á, ó ti jẹrà síbẹ̀.

"Màmá, mi ò ní hú gbòǹgbò kankan. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ fọ̀, kí n sì dí i. Eyín yín ò ní kúrò níbi tó wà."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú yín ò sí nínú iṣẹ́ tèmi."

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ètè kú tipiri. Ìdíátù ń retí ìrora ìkúnlẹ̀, oorun tó ti ń wá tipẹ́ ló dé. Ó ń hanrun lórí àga, dókítà ń jí i pé kó yanu, títí ó fi fọ inú eyín náà tán, tó sì dí i.

Nílé, Mọ̀dínátù ti kó àdúgbò jọ. Wọ́n ti se ògì àti mọ́ínmọ́ín fún ẹni tí kò ní léyín mọ́, wọ́n sì ti gé ọ̀pá fún afọ́jú. Bí Ìdíátù ṣe wọlé, Mọ̀dínátù na ìka sí i lójú.

"Ìyàwó, mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta ni," ni Ìdíátù fi ètè wíwúwo dáhùn. "Ìró mi tí mo ti ń wá láti ìgbà Iléyá lẹ sì ró yẹn."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìdíátù náà rẹ́rìn-ín, ètè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjí yọ gedegbe. Mọ̀dínátù fìka mi eyín náà títí, kò mì. Ìdíátù ní òun á padà lọ kí wọ́n fi ìbòrí líle dé eyín náà bíi fìlà, kó má baà fọ́, pé òun àti ìdérí ìgò sì ti kọ ara wọn sílẹ̀.

Nígbà tí ètè jí, wọ́n bu oúnjẹ. Mọ̀dínátù rọra sún mọ́ ìyàwó, ó fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn, ó ní ọkọ̀ wo ni wọ́n ń wọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn gan-an. Ìdíátù sọ fún un, ó sì tún bu mọ́ínmọ́ín sí i. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ewé, wọ́n gbe orin èjí, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ikùn tó yó àti inú tó dùn.