Ilé-Ìwé Tó Súnmọ́ Ilé Màmá Àgbà

Ibi tí ilé-ìwé bá wà ni ilé yóò wà. Ohun tí Hakeem sọ fún Sìmbíátù, ìyá rẹ̀, nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tí òun àti aya rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn dé láti Aberdeen, Sìmbíátù kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ epo tó rán Hakeem wá sí Èkó fún ọdún mẹ́ta kà á kún àlejò òkè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ajah ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ní kí ó mú ilé-ìwé tó bá wù ú fún ọmọ, àwọn yóò sì gba ilé fún un nítòsí ibẹ̀. Títí tí yóò fi mú un, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abraham Adésànyà Estate ni wọ́n wà.

Ilé-ìwé méjì ló kù nínú gbogbo èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀kan wà ní Lekki Phase One, níbi tí àwọn ọmọ òyìnbó àti ọmọ Íńdíà pọ̀ sí. Èkejì wà ní Ajah níhìn-ín, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ilé Sìmbíátù kí oòrùn tó mú. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ wọn níbi méjèèjì, ti ìlú òyìnbó, kí ọmọ lè padà sí Aberdeen láìpàdánù kíláàsì. Láti Ajah sí Lekki kì í ṣe Mẹ́kà, ṣùgbọ́n Sìmbíátù mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Ọmọ tó bá lọ ń gbé ní Lekki, ọdún Iléyá ni wọn yóò máa mú un wá kí i, wọn yóò sì máa wo aago.

Ó fẹ́ ọmọ náà lọ́dọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Inú fóònù ni Sìmbíátù ti rí i tí Mùínàt, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, hu eyín, inú fóònù ló ti rìn, inú fóònù náà ni eyín ọ̀hún ti ká. Ní báyìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sùn ní yàrá òdìkejì, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó bu omi gbígbóná sẹ́nu, kì í sì í sinmi.

Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Lójú tirẹ̀, ilé-ìwé tó bá mọ iyì kò ní jẹ́ kí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kúnlẹ̀ dáadáa. Orúnkún méjèèjì. Má wò mí lójú bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà. Wolẹ̀. Bí àgbà bá wà níjokòó, ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ àfi tí àgbà yẹn bá fún un láyè. Tí wọ́n bá fún ẹ ní nǹkan jẹ níta ńkọ́?"

"Mo ti yó, ẹ ṣeun."

"Tí ebi bá wá ń pa ẹ́?"

"Mo ti yó, ẹ ṣeun!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Tolúwani, ìyàwó Hakeem, tí wọ́n tọ́ dàgbà lókè òkun, ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. "Màmá, ó sọ fún èmi náà lánàá pé òun ti yó. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀!"

"Ẹ̀kọ́ ló ń wọlé yẹn, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé Ajah fẹ́ yẹ ọmọ náà wò, Sìmbíátù bá wọn lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé, Arábìnrin Akínọ̀ṣọ́, gbé bisikíìtì àti àwòrán kan síwájú Mùínàt. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní òun ti yó. Orí ìyá àgbà wú.

Arábìnrin Akínọ̀ṣọ́ bi í ní ohun tó rí nínú àwòrán náà. Mùínàt wolẹ̀. Ó bi í ní ìwé tó fẹ́ràn láti máa kà. Ó bi í bí Aberdeen ṣe rí. Mùínàt ṣáà ń wo táìlì. Lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú díẹ̀ sí ibi tí ìyá àgbà jókòó sí, ó sì tún wolẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé Sìmbíátù. Ọmọ náà ń dúró kí òun fún un láyè.

"Dá wọn lóhùn, ọmọ mi."

Arábìnrin Akínọ̀ṣọ́ gbọ́wọ́ sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ìdánwò ni."

Sìmbíátù fà sẹ́yìn lórí àga. Ọmọ náà kò gbójú kúrò nílẹ̀ títí ìdánwò náà fi parí.

Èsì dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn yóò gba Mùínàt, ṣùgbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì tó kéré sí tirẹ̀, wọn yóò sì wá olùkọ́ tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ.

"Mùínàt wo?" Hakeem rẹ́rìn-ín. "Èyí tí a máa ń bẹ̀ pé kó jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn?"

Tolúwani kò rẹ́rìn-ín. "Kò lè padà sẹ́yìn, Hakeem. Tá a bá padà sílé ní Aberdeen, ibo ni wọ́n máa fi í sí? Ká lọ wo ti Lekki lọ́la. Tí wọ́n bá gbà á, ibẹ̀ la máa lọ. Tí àwọn náà bá sọ ohun kan náà, ká kúkú mú ti Ajah."

"Màmá, ẹ̀yin náà máa bá wa lọ, àbí?" Hakeem yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ọmọ yín ní òun ò lọ láìsí yín."

Sìmbíátù ní òun fẹ́ kírun Alásàrí ná. Lórí ẹní, ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìrun. Bí òun bá lọ jókòó sínú yàrá yẹn, tí òun kàn wà níbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ọmọ náà yóò tún wolẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ajah ni wọn yóò mú. Láàárọ̀, òun ni yóò máa fà á lọ́wọ́ lọ. Lọ́sàn-án, òun ni yóò máa dúró dè é lẹ́nu géètì.

Ó ká ẹní, ó pe Mùínàt.

"Má kúnlẹ̀. Jókòó sórí àga yẹn, kí ojú wa ṣe déédéé. Gbójú sókè. Wò mí."

"Ṣebí ẹ ní kí n má..."

"Mo mọ ohun tí mo ní. Ti ilé nìyẹn. Lọ́la, ẹni tó bá bi ẹ́ ní nǹkan, wò ó lójú, kí o sì sọ ohun tó wà nínú rẹ fún un. Má dúró de ẹnikẹ́ni. Tí bisikíìtì wọn bá wù ẹ́, gbà á."

"Ṣé ẹ máa bá wa lọ?"

"Rárá. Mo níṣẹ́ nílé." Kò níṣẹ́ kankan.

Mùínàt gbójú sókè pátápátá. Ẹyinjú bàbá Hakeem ni, bó ṣe wà lójú olóògbé gẹ́lẹ́. Sìmbíátù fúnra rẹ̀ ló ti ń ní kí ojú náà máa wolẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó di etí ìró rẹ̀ mú.

"Màmá Àgbà, ṣé ẹ fẹ́ kí a lọ máa gbé ní Lekki?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà kò gbójú kúrò. "Kò jọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá."

Ọ̀rọ̀ dé Sìmbíátù lẹ́nu pé ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ó purọ́. Ó gbé e mì.

"Ó dáa," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la."