Ọmọ Tí A Sọ Ní Dókítà

Ìyá ọmọ náà, àbígbẹ̀yìn mi, kú ní ọsibítù lọ́jọ́ tó bí i. Wọ́n ń wá dókítà kiri, wọn ò rí. Nígbà tí mo gbé ọmọ wálé, àkọ́bí mi tó jẹ́ télọ̀ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Èyí ni yóò ṣe dókítà." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ni àwọn oníbàárà ti ń na ẹsẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù: "Dókítà, orúnkún ń dùn mí o." Ọmọ á fọwọ́ kàn án, á ní, "Ó ti san." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó dàgbà, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀, oríṣiríṣi ni wọ́n ń kọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọdún kejì bá ń parí lọ, oníkálukú gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ kan tí yóò gbájú mọ́. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kan mú, ilé yá. Télọ̀ ò tiẹ̀ ronú sí ìyẹn. Ó ti rán kóòtù funfun sílẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tí ọdún kejì ń lọ sópin, ọmọ wálé, ó jókòó tì mí. Ó ti rù. Mo ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, Màmá àgbà. Iléèwé ní kí n mú ẹnìkan wá látilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Dádì." Télọ̀ ló ń pè ní Dádì, nítorí òun ló mọ̀ ní bàbá.

Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ. Yàrá kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kò ṣí dáadáa. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ran àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà lọ́wọ́. Àǹtí Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń pè é. Ó dìde kí mi, ó gbé àga fún mi, ó wá kọjú sí ọmọ.

"Ṣé o ti sọ fún Màmá?"

Ọmọ wolẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó ṣe ìdánwò kẹ́mísírì, kò yege. Ó tún un ṣe, ibi kan náà ni. Ọ̀nà dókítà ti dí fún un níbí."

Mo yíjú sí ọmọ. "O ò wá lè sọ fún wa?"

"Orúkọ tí ẹ ń pè mí nìyẹn, Màmá àgbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Àǹtí Ìmọ̀ràn bi ọmọ ní ohun tó wù ú, ó ní òun ò mọ̀. Ó bi í ní èyí tí kò wù ú, ó tún ní òun ò mọ̀. Àǹtí ò bínú. Ó ní òun máa ń rán irú wọn lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lọ dúró wò.

"Tí o bá dé, mi ò ní bi ọ́ bóyá ó dùn. Ohun tí mo máa bi ọ́ ni pé, kí ni ọwọ́ rẹ ṣe níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rán an."

Wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó lọ sí báńkì. "Fáànù wọn ni mo ń wò, Màmá àgbà. Tí ẹ bá ní kí n yà á, mo lè yà á." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé inú. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ti ń tán lọ.

Níkẹyìn wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù, wọ́n ń mú un káàkiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, títí wọ́n fi mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣúárì. Ọjọ́ tó tibẹ̀ dé, ó bá mi lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti ń tú òwú lára aṣọ tí Télọ̀ rán tí kò bá oníbàárà mu.

"Màmá kan ni," ó ní. "Wọ́n ti di irun rẹ̀ dé ìdajì kí ó tó kú, apá kejì rí wúruwùru. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti wẹ̀ ẹ́, ó ti wọṣọ fún un, ó lọ fọwọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí dì í. Mo ń wo apá ọ̀tún, mo ń di tòsì bákan náà. Bàbá padà wọlé, kò bá mi wí. Ó kàn na ìbọ̀wọ́ sí mi."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ìgbà tí mo ṣe tán ló bà mí."

Èyí náà ló lọ sọ fún Àǹtí Ìmọ̀ràn. Àǹtí ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yẹn wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé àwọn tó ń mú un ò pọ̀. Kò fi dídùn rẹ̀ tàn án. Ó ní, "Àwọn kan ò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Lọ sọ ọ́ nílé kí o tó mú un. Má fi pamọ́ bí o ṣe fi ti kẹ́mísírì pamọ́."

Ọmọ kúnlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ọkùnrin tó ń bá Télọ̀ lọ aṣọ, Aláyọ́ọ̀nù, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Dókítà òkú. Ó kéré tán, aláìsàn tìẹ ò ní lè sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́."

"Pa ẹnu ẹ dé," Télọ̀ ní. Ó kọjú sí ọmọ. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Dádì."

"Padà sídìí kẹ́mísírì."

"Wọn ò gbà mí mọ́."

"Kí ni n óò wí fún àwọn tó ń wọ ibí yìí? Pé ọmọ tí mo ń ránṣọ iléèwé fún láti jéléósinmi, òkú ló ń wẹ̀? Tí o bá mú un, mo yọwọ́ kílànkó. Ọwọ́ yẹn ò sì gbọdọ̀ kan aṣọ oníbàárà mi."

Ọmọ wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá dákẹ́, kò ní mú nǹkan kan. Wọ́n á lé e wálé, á wá máa jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Mo ní, "Ìwọ Télọ̀, rántí aṣọ tí o rán fún àbúrò rẹ lọ́jọ́ ìsìnkú."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ọlọ́rùn róbótó ni, bọ́tìnnì wà níwájú. Nígbà tí wọ́n gbé àbúrò rẹ jáde fún wa ní mọ́ṣúárì, ẹ̀yìn ni bọ́tìnnì wà. Òwú imú rẹ̀ ti já wá sórí ètè. O ní kí wọ́n bá ọ yí aṣọ náà padà, wọ́n ní mọ́tò ń dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín."

Ọmọ ò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Télọ̀ yọ téèpù lọ́rùn, ó ká a, ó tún tú u.

"Nítorí ẹ̀ gan-an ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ irú ilé yẹn láé." Ó dìde, ó jáde.

Ọmọ mú ẹ̀kọ́ náà. Télọ̀ ò sì yẹ̀ lórí ohun tó wí. Ìkíni ọmọ, kì í dá a lóhùn. Àǹtí Ìmọ̀ràn ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀sán sọ́dọ̀ bàbá mọ́ṣúárì, ìyẹn ló fi ń sanwó iléèwé. Àwọn oníbàárà kan ti mọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó wọlé, bóyá ó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ tó ti gé nílẹ̀ lọ sínú yàrá. Mo sún lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ jókòó tì mí.

"Ta lo tọ́jú lónìí?"

"Ọmọkùnrin kan ni, Màmá àgbà. Kò tíì tó iléèwé í lọ. Bàtà tí wọ́n mú wá fún un ti kéré."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo la ẹ̀yìn bàtà. Ẹni tó bá dúró níwájú ò lè rí i."

Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ kún apá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.