Bí Mo Ṣe Lé Maël Bá

Eré ló gbé mi lọ. Ilẹ̀ ń yọ̀, òjò ti ń rọ̀ láti àná, eré ló gbé mi lọ, mi ò lè dúró mọ́... Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà ni màá ní bọ́ọ̀lù ni mo ń lé, ẹsẹ̀ Maël ló wà lọ́nà. Ta ló rí inú ẹlòmíì?

Wọ́n ń pariwo lókè yàrá ìpààrọ̀ aṣọ wa. Orí mi gan-an ni wọ́n jókòó lé, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, eruku ń bọ́ láti òkè àjà sórí bẹ́ńṣì. Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí. Káàdì pupa ti lé mi jáde, bọ́ọ̀lù ń lọ láìsí mi, ó sì ń lọ láìsí òun náà. Mo ṣì wọ bàtà mi, mi ò tíì tú okùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ìbọ̀sẹ̀ mi ọ̀tún. Mo ti yẹ ara mi wò láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, mi ò fara pa níbì kankan.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Má tan ara rẹ, Ludovic Wattrelot, ẹ̀jẹ̀ Maël ni.

Jeannot tó ń tọ́jú aṣọ wa ló gbé kọfí yìí wá. Kò wo ojú mi. Ogún ọdún ló ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ ẹgbẹ́ wa, kò wo ojú mi. “Kóòṣì ní kí n sọ fún ẹ. Ilẹ̀ ń yọ̀, eré ló gbé ẹ lọ. Tí àwọn àlejò bá wọlé, lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni kó o lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ìbáwí.” Ó fẹ́ máa lọ, ó tún dúró. “Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́, ọmọ mi. Ìkan ti yọ síta.” Ó wá rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ó yọ síta... Kí ló dé tó ń sọ ọ́ fún mi? Ṣé mi ò rí i ni?

Ìgbìmọ̀. Àwọn bàbá mẹ́fà ní Párísì, pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n á máa wo fọ́nrán, wọ́n á máa dá a padà. Bí wọ́n bá gbà pé eré ló gbé mi lọ, mo lè pàdánù ìdíje mẹ́rin, bóyá márùn-ún. Bí wọ́n bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é—oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún márùndínlógójì wo ló ń padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Àdéhùn mi á parí lóṣù kẹfà. Sáà mẹ́tàdínlógún ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ní ilẹ̀ yìí. Eyín mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ ní Corsica. Imú mi ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi owú dí i, mo sì padà wọ pápá. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ la ẹnu ọkùnrin kan ní Auvergne, a jọ mu bíà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ló tún rà á. Ṣé ibi tí gbogbo ẹ̀ máa parí sí nìyí? Sórí bẹ́ńṣì, pẹ̀lú kọfí tó ti tutù?

Ó dún. Wọ́n ní ariwo èrò kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan. Irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí ìyá mi bá fi orúnkún ṣẹ́ igi tí a fẹ́ fi dáná. Mo sì mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi, kí n tó rí ẹsẹ̀ tó yí sẹ́yìn, kí n tó rí funfun egungun nínú ẹrẹ̀... Mo ní: ó tán. Inú mi dùn. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, inú mi dùn gan-an.

Èyí ò kan ìgbìmọ̀. Inú dídùn ò sí nínú fọ́nrán.

Ta ló tiẹ̀ ní kó gbá bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀? Ó lè gba ọ̀tún. Ó lè gba òsì. Àárín ẹsẹ̀ mi ni—ní ìṣẹ́jú kejìlélógún, lórí pápá wa, lójú àwọn tí mo ti ń dẹ́jẹ̀ fún láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé mi! Wọ́n ní “olé”, igbe ìyẹ̀yẹ́ orí pápá, gbogbo wọn, àti bàbá arúgbó tó ń din ànàmọ́ tà lẹ́nu géètì, mo lè fi ọrùn búra pé mo gbọ́ ohùn tiẹ̀ náà. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jí dìde.

Ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, lílù ló wà fún un. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ eré yẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín ẹsẹ̀ rẹ, gbogbo ọgbà á dà bò ọ́, ẹ̀ṣẹ́ níhìn-ín, ìpá lọ́hùn-ún, títí wàá fi sá fọwọ́ kan ògiri. Ògiri bíríkì pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò jìnnà, ogún ìṣísẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ mi wọ́ síta, ẹsẹ̀ ìdílé Wattrelot, ọ̀kadà lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lù mí. Ojoojúmọ́. Wọ́n ń lù mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, olùkọ́ ń mu sìgá lábẹ́ igi, ó ní eré ọmọdé ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá ọmọ kan lulẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá, ariwo dá. Kò sẹ́ni tó lù mí lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti di agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Hennebelle tó kọ́ wa nílé ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù kàn fi ọ̀rọ̀ sí i ni. “Bọ́ọ̀lù lè kọjá, ènìyàn lè kọjá. Wọn kì í jọ kọjá lọ́dọ̀ wa.”

Lónìí wọ́n jọ kọjá. Mo sì ti ń wá ògiri...

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ tèmi lẹ́sẹ̀. Mo lé e bá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn náà sínú ìròyìn wọn. Maël Kerbrat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti fi mítà mẹ́rin sílẹ̀ fún mi, èmi arúgbó lé e bá. Ọdún méjì tí a fi jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, kó tó lọ bá àwọn àlejò, mi ò lé e bá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi ìgbáradì. Lónìí mo lé e bá.

Kí ló dé tí kò fò? Gbogbo atamátàsé ló ń fò. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n á fò, ẹsẹ̀ tó bá wà lókè kì í ṣẹ́. Òun fi tiẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ̀bi ta nìyẹn? Òun náà ló fà á! Mo ti gbá ilẹ̀kùn àpótí aṣọ mi ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ti bó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò dùn mí. Kò dùn mí rárá.

“Àgbà, rọra fún mi lónìí o. Màmá mi wá wò mí.” Maël dì mọ́ mi kí a tó wọ pápá. Òórùn ọṣẹ rẹ̀ ò yí padà. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, yàrá kan náà ni wọ́n máa ń fi wá sí ní òtẹ́ẹ̀lì tí ìdíje bá ku ọ̀la, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá mi tọrọ yìnyín tí orúnkún mi bá há. Kóòṣì ò mọ̀. Dókítà ò mọ̀. Tó bá há, mo máa ń ké lẹ́ẹ̀kan, ìké kékeré, Maël á ti dìde lórí ibùsùn rẹ̀. “Orúnkún ni, Àgbà? Má dìde.”

Kọfí yìí korò.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kí wọ́n tó wọlé. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ mi. Mo yí padà. Orúnkún há díẹ̀, ó tú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó wà níwájú mi, mítà mẹ́rin, nọ́ńbà mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀. Mo sá. Ilẹ̀ ń yọ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo sọ ara mi sílẹ̀...

Mo rí ojú rẹ̀.

Rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ẹni tó bá ń sá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń rí. Lẹ́yìn tó ṣubú ni mo rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tó... Rárá, nígbà tó ṣubú, ó fi ojú bo koríko, ó ń bù ú jẹ. Ojú tí mò ń rí yìí ò lẹ́rẹ̀. Ó yí padà sí mi, òjò ń ṣàn létí rẹ̀. Gólì nìkan ló kù níwájú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń yí lọ, kò tẹ̀ lé e. Nínú fọ́nrán wọ́n á ní ó fẹ́ tún bọ́ọ̀lù ṣe ni. Wọ́n á gbà á gbọ́, nítorí fọ́nrán ò ní ohùn, mo ti ké nígbà tí orúnkún há, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn ń rẹ́rìn-ín lórí ìké náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ẹnì kan gbọ́ ọ.

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. “Orúnkún n—”

Bàtà ti ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ti parí, àwọn àlejò ń wọlé, mo gbọ́dọ̀ dìde, mo gbọ́dọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, kí n ní ilẹ̀ ń yọ̀, kí n ní eré ló gbé mi lọ. Eré wo? Mi ò lé e bá. Mi ò lé e bá rí. Ó dúró dè mí ni.