Férémù Tí Mikail Fi Ránṣẹ́

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, Màámi. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, á yí fúnra ẹ̀."

Àṣàkẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ti tẹ gíláàsì férémù náà títí ọwọ́ fi ń ro ó, àwòrán ò yí. Waliyat ọmọ rẹ̀ na ìka kan ṣoṣo, ó rọra fi ra ojú gíláàsì, ni àwòrán Gàníyù ọkọ rẹ̀ tó wọ agbádá Iléyá bá kọjá lọ, òmíràn bọ́ sí i: Gàníyù nìyí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́jà'ba, ó ń rán fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mikail, àkọ́bí wọn tó wà ní Kánádà, ló fi férémù náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ó ní àdúà ọdún kan bàbá òun ò gbọdọ̀ dà bíi tàwọn ará ijọ́un, tí wọ́n á gbé fọ́tò kan ṣoṣo ka orí àga, tí eṣinṣin á máa bà lé e. Ó ní kí wọ́n gbé férémù yìí sí pálọ̀ ńlá agbo ilé wọn l'Ọ́ràányàn, kí wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ iná, kí àwòrán bàbá òun máa yí níṣojú gbogbo ẹbí. Ó ní bí wọ́n bá fi fídíò sí i, ó lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ní kó tún un sọ.

"Àwọn tẹ́ ẹ kó jọ ti wà níbẹ̀ tán," Waliyat wí.

"Ó ku ọ̀kan." Àṣàkẹ́ na fóònù tirẹ̀ sí i. "Fídíò yẹn."

Waliyat wo fóònù, ó wo ìyá rẹ̀. "Èyí tí mo yà nígbà tí ara Bàbá ò yá?"

"Òun ni. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́la."

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀yìn Ìyá Basit. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù lóbìnrin ni, ó ti kúrò nílé ọkọ tipẹ́, ó padà sílé bàbá wọn. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Gàníyù gan-an, àgbàlá nìkan ló wà láàárín. Ní gbogbo ìgbà tí àìsàn fi dá Gàníyù dùbúlẹ̀, obìnrin yìí ò fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní òun lá àlá kan, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ fojú kan aláìsàn. Àlá ọ̀hún ò kúkú dí i lọ́wọ́ láti lọ jẹun ìkómọ ní Kúdẹtì. Àmọ́ lọ́jọ́ fìdáù, tí pálọ̀ kún fọ́fọ́, òun ló bú sẹ́kún níwájú àwọn àáfà, tó ní ebi ló pa àbúrò òun, pé ìyàwó rẹ̀ ló ń fi oúnjẹ dù ú kó lè tètè lọ.

Inú yàrá ni Àṣàkẹ́ ti gbọ́ ọ. Ó wà nínú opó, kò lè jáde. Ká tiẹ̀ ní ó lè jáde, kí ló fẹ́ wí? Ìyàwó ilé ni. Ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, ìyàwó tó bá sì ko ọkọ lójú láwùjọ ti jẹ̀bi kó tó la ẹnu. Nígbà tó fi máa jáde opó, ọ̀rọ̀ ti rìn dé Bẹẹrẹ níbi tó ti ń ta òwú ìránṣọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà á kí i, ojú wọn á máa wo ibòmíràn. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó o. Ní báyìí, férémù ni yóò gbẹnusọ fún un. Férémù kì í ṣe ìyàwó ẹnì kankan.

"Màámi, níṣojú gbogbo èèyàn?"

"Níbo làwọn ti sọ tiwọn? Ṣé inú kòtò ni wọ́n ti sọ ọ́?"

Waliyat gba fóònù náà. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ láti orí fóònù sínú férémù, ó sì fọwọ́ kàn án kí wọ́n lè dán an wò.

Gàníyù nìyí lórí ibùsùn, ó ti gbẹ. Ọwọ́ Àṣàkẹ́ ń gbé ṣíbí ẹ̀kọ lọ sí i lẹ́nu. "Ó tó, Àṣàkẹ́, mo ti yó," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. Ó rọra yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Basit ńkọ́? Wọn ò tíì yà? Ẹ má ti ilẹ̀kùn o. Wọ́n lè yà."

Inú Àṣàkẹ́ dùn, ó dùn gan-an. Ó ti ń rí ọjọ́ kejì: gbogbo orí á yí sọ́dọ̀ Ìyá Basit lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu tó máa ń dá pálọ̀ rú yẹn á sì wá ọ̀rọ̀ tì. "Tún un ṣe kí n wò," ó wí.

Ìgbà kejì yìí ló tó rí i dáadáa. Lórí fóònù, gbogbo nǹkan kéré. Nínú férémù, orí Gàníyù hàn láìsí fìlà, irun rẹ̀ ti já, ó ṣẹ́ ku díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ti ṣí kúrò láyà rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀ so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Gàníyù tó ń rán fìlà fún gbogbo ayé, tí kì í bọ́ tirẹ̀ níwájú àlejò bó ti wù kí ooru mú tó. Àwọn àna ń bọ̀ lọ́la, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ń bọ̀. Ọ̀rá ìtọ̀ yẹn ni gbogbo wọn máa gbé lọ sílé. Omi bọ́ lójú Àṣàkẹ́, ó fi ìborùn nù ún.

"Kò ní wọ pálọ̀," ó wí.

"Ẹ ti dárí jì wọ́n nìyẹn?"

"Ta ló dárí ji ta?" Àṣàkẹ́ wò ó títí ọmọ náà fi tẹ orí ba. "Yọ gbogbo àwòrán yòókù kúrò. Fídíò yẹn nìkan ni kó kù. Bó bá parí, kó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Lọ́la wá ńkọ́?"

"Fọ́tò bàbá ẹ tó wà lára ògiri, ẹ gbé e sórí àga. Bí eṣinṣin bá bà lé e, ẹ lé e."

Ó fi ìborùn bo férémù, ó gba àgbàlá kọjá. Ìyá Basit jókòó sórí ibùsùn, ó ń ṣa ẹ̀wà sàárà ọjọ́ kejì nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi."

"Ìyàwó, o káre. Wọ́n ní Mikail fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́."

"Férémù ni, mà. Bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ rí i kó tó di ọ̀la."

Ara Ìyá Basit yá gágá. "O ṣe é re. Ta ló mọ bí mo ṣe fẹ́ràn àbúrò mi yẹn tó?"

Àṣàkẹ́ gbé férémù sórí tábìlì tó kọjú sí ibùsùn, ó ki wáyà bọ iná lára ògiri, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣíbí ẹ̀kọ gòkè. Gàníyù ní òun ti yó. Ọwọ́ Ìyá Basit dúró nínú ẹ̀wà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ béèrè rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ìpè. Fídíò parí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Pa á," Ìyá Basit wí. Àṣàkẹ́ ò mira. "Ta ló tún ti rí i?"

"Èmi àti Waliyat."

"Pálọ̀ lo fẹ́ gbé e lọ lọ́la. O fẹ́ dójú tì mí."

"Rárá o. Orí bàbá wọn wà láìsí fìlà níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ayé wò ó. Tiyín nìkan ni, mo fún yín."

Ìyá Basit fi etí aṣọ nu ojú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ kí n wí fún wọn lọ́la?"

"Ta ni mo jẹ́, tí mo máa kọ́ ọkọ mi lọ́rọ̀? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́."

Ó tún kúnlẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó jókòó ti Waliyat tó ń fọ ife. Ohùn Gàníyù ń bọ̀ láti òdìkejì àgbàlá, kò lọ sókè, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ọ. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí àwo ẹ̀wà dà nù. Wọ́n gbọ́ tí ọwọ́ ń lu gíláàsì, lẹ́yìn náà ẹkún, irú èyí tí ẹnì kan kì í sun níwájú àáfà.

Waliyat gbé ife sílẹ̀, ó dìde. "Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn pa á."

"Jókòó."

"Ìyá Basit ńkọ́?" Gàníyù tún wí. "Wọn ò tíì yà?"

"Àwọn ló ń pè," Àṣàkẹ́ wí. "Jẹ́ kí wọ́n dá a lóhùn."