Ìlà Tí Gogoro Wà Nínú Rẹ̀

Ọdún méjì gbáko ni baba fi sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kejì, tó jẹ́ atẹ̀wé. Ọ̀sán kan, fáìlì kan tí ọmọ náà tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí baba, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún aago ṣe, máa fi sọ pé ó tó, fáìlì ti di igba ó lé mẹ́rìnlá. Ojú baba ti ṣókùnkùn báyìí, orí rẹ̀ náà sì ti ń jò bí agbọ̀n. Ohun tó bá ti bọ́ níbẹ̀, inú fáìlì nìkan ló kù sí.

Atẹ̀wé ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo. Gogoro ni gbogbo ilé ń pè é láti ọmọ ọwọ́, nítorí gíga rẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, lójú àlejò, Gogoro ní ẹ wo ẹni tó sá kúrò ní ilé ìwé ní kíláàsì kẹrin, òun ló ń kọ ìwé ìdílé wa. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọgbẹ́ ọ̀bẹ a máa jinná, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ kì í jinná lára atẹ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìlà kan péré:

sed -i '/[Gg]ogoro/d' *.txt

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo fáìlì, ìlà yòówù tí Gogoro bá wà, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀ tàbí kékeré, kó yọ ọ́ dànù. Ó mọ̀ pé ọlọgbọ́n a kọ́kọ́ fi ẹ̀dà pamọ́. Kò fi pamọ́. Ó ní ohun tí òun bá sin, òun kò fẹ́ kó jí. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí.

Lónìí, baba fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ó ní kó ka ti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé aago wá bá òun. Láti àárọ̀ lòun ti ń wá ojú olóògbé náà nínú ọkàn òun, òun kò rí i.

Atẹ̀wé ṣí fáìlì kẹtàdínlógún. “Mo ń fọ epo kúrò lára aago ògiri kan,” ni ìlà àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: “Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́.” Kò sí nǹkan kan láàrin méjèèjì. Ó ṣí ti ìgbéyàwó, ó kù díẹ̀ kó ṣófo.

Ìgbà náà ló yé e. Baba kò pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ rí. Ìyá Gogoro ló ń pè é, kódà tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọn kò tíì bímọ. Màámi ni atẹ̀wé fúnra rẹ̀ ń pè é, kò sì rántí pé Gogoro wà nínú orúkọ tí baba ń pè é. Obìnrin tó fi èédú kọ́ ọ ní lẹ́tà sára ògiri nígbà tó kọ ilé ìwé sílẹ̀, òun ló fi ìlà kan pa rẹ́.

Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n orí dí i. Ó ní obìnrin náà wọlé, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

“Aṣọ wo?” ni baba wí. “Ohun tí mo sọ ni kó o kà. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, mo lè pa á fúnra mi.”

Atẹ̀wé ní òun ti ba nǹkan jẹ́, kí baba fún òun láyè díẹ̀. Kó tó di pé ìjà dé, oṣooṣù ló ń fi àwọn fáìlì náà ránṣẹ́ sí Gogoro. Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe nọ́ńbà tí kò pè láti oṣù mẹ́rin.

“Ṣé kò sí o? Ṣé Bàbá ti…?”

“Bàbá wà. Màámi ni mo pa rẹ́ nínú fáìlì.”

“Màámi kẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?”

“Ẹ̀yin ni mo fẹ́ pa rẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

Gogoro ní gbogbo èyí tó ti fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, òun ń fi í ránṣẹ́. Kò tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, atẹ̀wé náà sì ṣàkíyèsí pé kò tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí fáìlì dé, ó jókòó ti baba. “Mo ń fọ epo kúrò lára aago ògiri kan,” ó kà. “Bí Ìyá Gogoro ṣe wọlé nìyẹn, aago tó ti kú wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Baba di ojú. “Ẹ̀n-ẹ́n. Tún un kà.”

Ó tún un kà.